Ọ̀tá àná, kọ́sítọ́mà òní: ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Fiẹtnámù

Àbúrò kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Mo wo fídíò kan níbi tí Amẹ́ríkà ti ń fa ọkọ̀ ojú omi ńlá kan lé àwọn ará Fiẹtnámù lọ́wọ́, wọ́n ń bọwọ́, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Ṣebí àwọn yìí kan náà ló para wọn bí ẹran nígbà ogun? Kí ló wá dé tí Amẹ́ríkà fi ń ta nǹkan ìjà fún wọn? Ṣé ẹ̀rù ò bà á pé wọ́n lè kọjú ẹ̀ sí òun fúnra ẹ̀ ni? Àti pé, ṣé àwa ní Nàìjíríà náà rí irú ọkọ̀ yẹn gbà rí?"

Àbúrò mi, o ṣé tó o béèrè. Ìdáhùn kúkurú ni pé Fiẹtnámù ò fi bẹ́ẹ̀ ra ìbọn lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ẹnu ló rà. Ẹnu tó máa fi dá Ṣáínà lóhùn, ẹnu tó máa fi ná ọjà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, kí tọ̀tún tòsì mọ̀ pé ó níbòmíì tó lè yà sí. Èyí tó gùn nìyí, wá ibi jókòó sí.

Ká mú ogun yẹn kọ́kọ́. Ọ̀nà méjì ni Fiẹtnámù pín sí nígbà yẹn, Àríwá tó jẹ́ ti àwọn Kọ́múníìsì, àti Gúúsù tí Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn. Oṣù kẹta 1965 làwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó wá jà gan-an gúnlẹ̀ sí Da Nang, wọ́n jà títí wọ́n fi buwọ́ lùwé ní Paris ní oṣù kìíní 1973, wọ́n kó ẹrù wọn lọlé, nígbà tó sì di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹrin 1975 àwọn ti Àríwá wọ Saigon, olú ìlú Gúúsù, ó parí. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó kú níbẹ̀ lé ní 58,000. Ti Fiẹtnámù ńkọ́? Gọ́mẹ́ǹtì wọn sọ ọ́ ní 1995 pé aráàlú tó kú tó mílíọ̀nù méjì, àwọn jagunjagun tiwọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ká má tíì dárúkọ Agent Orange, kẹ́míkà tí Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú sórí igbó wọn kí ewé lè wọ́, oró ẹ̀ pẹ́ nínú ilẹ̀ débi pé 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ti pápákọ̀ òfuurufú Da Nang tán, pẹ̀lú owó Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, àwọn yìí jà, wọ́n sì kú lọ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ wọ́n padà jókòó sọ̀rọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ mú wọn jókòó, òwò kọ́, Ṣáínà kọ́, egungun òkú ni. Amẹ́ríkà ní àwọn ọmọ tó lé ní 2,500 tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí, àwọn ẹbí wọn ò jẹ́ kí gọ́mẹ́ǹtì sinmi, Fiẹtnámù bá gbà kí wọ́n jọ máa wá wọn, kí wọ́n jọ máa gbẹ́lẹ̀ nínú igbó. Ibẹ̀ lojú ti ń mọra. Àwọn tó tún ti ọ̀rọ̀ náà síwájú ní Washington, àwọn tó ja ogun yẹn gan-an ni. John McCain tó padà di sẹ́nétọ̀, wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ lulẹ̀ ní 1967, ó já sínú adágún Trúc Bạch láàárín ìgboro Hanoi, olú ìlú Fiẹtnámù, wọ́n tì í mọ́lé ó lé ní ọdún márùn-ún, wọ́n sì lù ú bí ẹní máa kú. Òun àti John Kerry, sẹ́nétọ̀ bíi tiẹ̀ tó wa ọkọ̀ ogun lórí odò níbẹ̀, ló wá ń sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà pé ó tó gẹ́ẹ́. Ta ló fẹ́ dìde sọ fún McCain pé kò mọ ohun tójú àwọn ṣọ́jà rí? Ààrẹ Clinton yọ́wọ́ òfin tó ka bíbá Fiẹtnámù ṣòwò léèwọ̀ kúrò ní 1994, wọ́n di ọ̀rẹ́ orí ìwé ní oṣù keje 1995. (Nígbà tí McCain kú ní 2018, àwọn ará Hanoi gbé òdòdó lọ sétí adágún tó já sí yẹn. Ayé ń yí o.)

Ṣùgbọ́n nǹkan ìjà ṣì jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n lè ra bàtà, wọ́n lè ra kọ̀ǹpútà, ìbọn ò kàn wọ́n. Òfin yẹn ò jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni: 2007 Bush ní wọ́n lè ra nǹkan ológun tí ò lè pààyàn, oṣù kẹwàá 2014 wọ́n ní ó dáa, èyí tó lè pààyàn náà tí wọ́n bá ṣáà fẹ́ fi ṣọ́ òkun, ìgbà tó wá di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún 2016 Obama dúró ní Hanoi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrẹ Trần Đại Quang ó ní gbogbo ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n bi í bóyá nítorí Ṣáínà ni. Ó ní rárá, kò kan Ṣáínà, àwọn kàn fẹ́ parí iṣẹ́ àtidi ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ o, torí lójú àwọn ará Hanoi àbùkù ni òfin yẹn jẹ́, kí wọ́n máa kà ẹ́ mọ́ àwọn tí wọn ò lè fọkàn tán nígbà tó o ti bá wọn ṣòwò ogún ọdún. Ṣùgbọ́n kò kan Ṣáínà kẹ̀? Wo bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn.

Òkun tí wọ́n ń jà lé lórí yìí, ọ̀pọ̀ ayé ń pè é ní Òkun Gúúsù Ṣáínà. Fiẹtnámù ò gbà, Biển Đông làwọn ń pè é, ìyẹn Òkun Ìlà-Oòrùn, Filipínì náà lórúkọ tiẹ̀, ibi tí orúkọ omi lásán bá ti ń dìjà kó o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ṣáínà fa ilà abala mẹ́sàn-án kan sórí máàpù, ilà náà gba ọ̀pọ̀ jù nínú òkun yẹn, ó rìn mọ́ etíkun Fiẹtnámù débi pé apẹja lè kúrò nílé kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́ kí wọ́n ní ó wọ ilé onílé. Ẹja ń bẹ níbẹ̀, epo àti gáàsì ń bẹ níbẹ̀, ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Jàpáàn àti Kòríà ibẹ̀ ló ń gbà. Ní oṣù keje 2016, ìgbìmọ̀ ìlàjà kan ní The Hague dá ẹjọ́ tí Filipínì pè, wọ́n ní ẹ̀tọ́ tí Ṣáínà ń gùn lé nínú ilà yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin òkun. Ṣáínà ní òun ò mọ ìdájọ́ kankan. Kó tó dìgbà yẹn ó ti ń kó yanrìn dà sórí òkúta inú òkun láti bí 2013, ó sọ wọ́n di erékùṣù, ó la ojú ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú sórí mẹ́ta nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó bíi kìlómítà mẹ́ta.

Ibi tí mo fẹ́ kó o tẹ́tí sí jù rèé. Oṣù kìíní 1974, ọkọ̀ ogun Ṣáínà àti ti Gúúsù Fiẹtnámù wọ̀yá ìjà ní erékùṣù Paracel nínú òkun yìí kan náà, Ṣáínà lù wọ́n kúrò, ó gba gbogbo ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló sì wà dòní. Ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni Gúúsù Fiẹtnámù yẹn o, ọ̀rẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sin ọmọ tó lé ní 58,000! Amẹ́ríkà ò dá sí i. Ààrẹ Nixon ti lọ kí Mao, olórí Ṣáínà, ní Beijing ní 1972, wọ́n ti ń bára wọn rẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ torí erékùṣù kékeré ba ìyẹn jẹ́. Ó di 1979, Fiẹtnámù ti di ọ̀kan, ó ti wà lẹ́yìn Sófíẹ́ẹ̀tì, Ṣáínà gba orí ilẹ̀ wọlé sí i, wọ́n jà bí oṣù kan. Ó tún di oṣù kẹta 1988, àwọn ọmọ Fiẹtnámù dúró sórí òkúta kan tí omi bò mọ́lẹ̀ ní àwọn erékùṣù Spratly nínú òkun yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Johnson South, wọ́n fẹ́ gbé àsíá síbẹ̀, ọkọ̀ Ṣáínà yìnbọn fún wọn nínú omi níbẹ̀, 64 ló kú. Sófíẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọkọ̀ ogun wọn wà ní Cam Ranh, ní etíkun Fiẹtnámù gan-an, wọn ò mira.

Ọ̀rẹ́ méjì, ìgbà méjì, kò sẹ́ni tó yọjú. Tó o bá ti gbé èyí sọ́kàn, gbogbo ohun tí Hanoi ń ṣe lónìí á yé ẹ. Wọ́n lófin kan tí wọ́n ń pè ní Bốn Không, ká sọ pé "Mẹ́rin tá ò ní ṣe": a ò ní bá ẹnikẹ́ni dá ẹgbẹ́ ológun, a ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kan láti bá ẹlòmíì jà, a ò ní fún àjèjì láyè kọ́ bárékè ológun sílẹ̀ wa, a ò ní fi agbára halẹ̀. Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, 2019 ni wọ́n fi ìkẹrin kún un. Àwọn kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń sọ pé Fiẹtnámù ti fẹ́ẹ́ di tiwọn, mo máa ń ní ẹ lọ wo Mẹ́rin yẹn kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́.

2014 ló wá gbé ìbéèrè ìbọn yìí dé. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn Ṣáínà wọ́ ẹ̀rọ ìwapo gàgàrà kan, Haiyang Shiyou 981, wá síbi tó tó nǹkan bí 120 máìlì orí omi sí etíkun Fiẹtnámù, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó yí i ká bí ẹ̀ṣọ́ ọba. Fiẹtnámù rán ọkọ̀ lọ, wọ́n ń forí ọkọ̀ gbára wọn, wọ́n ń fi pọ́ńpù omi ńlá fọ́n ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yìnbọn, torí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun ni wọ́n rán, wọn ò rán ọkọ̀ ogun. Nílé, inú bí àwọn èèyàn, wọ́n jó fáktrì àwọn ará Ṣáínà, èyí tó bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ fáktrì tí wọ́n jó, ti àwọn ará Taiwan ni. Oṣù keje Ṣáínà wọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ lọ. Oṣù kẹwàá, Amẹ́ríkà dín òfin nǹkan ìjà kù, ó sì ní nǹkan ìṣọ́kun nìkan. Àbúrò, ṣó o ti rí i báyìí? Ìjà tó ṣẹlẹ̀ yẹn, ìjà ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni, ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá tóbi tó sì lágbára láti dúró lórí omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa borí. Ọkọ̀ abẹ́ omi ò wúlò níbẹ̀, wàá kàn fi dá ogun sílẹ̀ ni.

Èyí ló jẹ́ kí ọkọ̀ inú fídíò ẹ yẹn ní ìtumọ̀. Tó bá jẹ́ ti oṣù karùn-ún 2017 ní Honolulu lo wò, Morgenthau lorúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, ó gùn tó mítà 115, ọdún 1969 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni, ká má parọ́. Wọ́n pa orúkọ ẹ̀ dà sí CSB 8020. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé nígbà ogun yẹn, ọkọ̀ yìí gan-an wà létíkun Fiẹtnámù, lábẹ́ iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ń pè ní Market Time, iṣẹ́ náà sì ni kí wọ́n máa dá àwọn ọkọ̀ tó ń kó ìbọn láti Àríwá lọ fún àwọn tó ń jà ní Gúúsù dúró, kí wọ́n mú wọn tàbí kí wọ́n rì wọ́n. Ní báyìí àwọn ọmọ Àríwá yẹn ló wà nídìí ẹ̀. Mi ò rò pé mo mọ ìtàn ọkọ̀ míì tó rí báyìí. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún rí John Midgett gbà, ìkẹta náà ti tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀tù kéékèèké Metal Shark mẹ́rìnlélógún tó ń sáré gan-an. Lẹ́yìn náà dróònù ìṣọ́kun ScanEagle, lẹ́yìn náà ní oṣù kọkànlá 2024 ọkọ̀ òfuurufú T-6 márùn-ún àkọ́kọ́ nínú méjìlá, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di páílọ́ọ̀tì.

Wò ó dáadáa. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ti gbó, bọ́ọ̀tù, dróònù tó kàn ń wo nǹkan, ọkọ̀ òfuurufú ọmọ iléèwé. Níbo ni mísáìlì wà? Níbo ni ọkọ̀ òfuurufú ogun gidi wà? Òfin ti kúrò láti 2016 o. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà, Fiẹtnámù ra ọkọ̀ abẹ́ omi Kilo mẹ́fà, wọ́n buwọ́ lùwé ẹ̀ ní 2009, nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là, èyí tó kẹ́yìn dé ní 2017, wọ́n tún ra ọkọ̀ òfuurufú ogun Su-30. Ìdí ẹ̀ ò le. Ẹni tó ti ń wa Rọ́ṣíà láti ìgbà bàbá ẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀ Rọ́ṣíà ló mọ̀, páàtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Rọ́ṣíà ni, kì í ṣe ọjọ́ kan ló máa gbé Amẹ́ríkà wọlé. Ti Amẹ́ríkà wọ́n, ìwé ẹ̀ sì pọ̀ jù: yíyọ òfin kúrò ò túmọ̀ sí pé ọjà ti ṣí sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó o bá fẹ́ rà ni wọ́n máa yẹ̀ wò, tówó ẹ̀ bá pọ̀ wọ́n á gbé e lọ fún ilé aṣòfin, wàá buwọ́ lùwé pé o ò ní tà á fẹ́lòmíì, wọ́n á tún máa wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì wà níbi tó o sọ. Ẹni tó bá lè dá páàtì dúró lè dá ogun ẹ dúró, Hanoi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì wọn, àwọn àgbà kan gbà pé ohun tí Amẹ́ríkà ò lè fi bọ́ǹbù ṣe ló fẹ́ fi ẹ̀rín ṣe, ìyẹn ni kó rọra yọ ẹgbẹ́ náà lórí àga.

Rọ́ṣíà náà wá di ìṣòro. Amẹ́ríkà ṣòfin kan ní 2017 pé àwọn lè fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan ìjà ńlá lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ó wá di 2022 Rọ́ṣíà wọ Ukraine, nǹkan ìjà tó ń ṣe ò tó òun alára. Fiẹtnámù ò pariwo, ó kàn ń rọra tan ọjà ká: ó rà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì, Íńdíà fún un ní odindi ọkọ̀ ogun kan, Kirpan, lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2023. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn Biden wá sí Hanoi, wọ́n gbé Amẹ́ríkà sípò ọ̀rẹ́ tó ga jù lọ nínú ìwé wọn, ipò tí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà wà tẹ́lẹ̀. Oṣù méjìlá, Xi Jinping, Ààrẹ Ṣáínà, náà dé. Nígbà tí Tô Lâm di olórí ẹgbẹ́ ní 2024, Ṣáínà ló kọ́kọ́ lọ. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àwọn èèyàn yẹn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ti àwọn tó lòdì sí i, wọ́n ní ẹjọ́. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní kí ló dé tí Obama fi ju ohun kan ṣoṣo tó fi lè di gọ́mẹ́ǹtì yẹn lọ́rùn dànù lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń ti àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lé. Ọjọ́ kejì ìkéde yẹn gan-an, àwọn kan tí Obama ní kí wọ́n wá bá òun sọ̀rọ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Èrò tèmi ni pé wọ́n tọ̀nà lórí ìyẹn. Mi ò tíì rí ẹ̀rí pé yíyọ òfin náà mú gọ́mẹ́ǹtì Hanoi rọra mú aráàlú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tù ìṣọ́kun ṣòro láti fi lé onífẹ̀hónúhàn ní ìgboro, ìyẹn sì wà lára ìdí tó fi jẹ́ pé ohun orí omi ni wọ́n kọ́kọ́ tà.

Ẹ̀rù ńkọ́, pé wọ́n lè yí i padà? Pẹ̀lú kí ni? Ọkọ̀ 1969? Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú, Carl Vinson, wọ Da Nang ní oṣù kẹta 2018, létíkun ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1965 yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ń ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba Amẹ́ríkà ni kí ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn má bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà tó bá lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Rọ́ṣíà nínú bárékè kan náà, ìyẹn ni wọ́n ń ṣọ́.

Ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn wá dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, a ní in, ẹ̀yà kan náà gan-an! Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi wa gba ọ̀kan ní 2011, Chase lorúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló di NNS Thunder, ó tiẹ̀ rìn dé Sydney ní Ọsirélíà ní 2013 lọ síbi àtẹ ọkọ̀ ogun àgbáyé. Ìkejì, Gallatin, di NNS Okpabana ní 2014. Filipínì náà gba mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àìbá Amẹ́ríkà jà rí ló ń jẹ́ kí ọjà yá, rántí ọkọ̀ òfuurufú Super Tucano méjìlá tí a fẹ́ rà: wọ́n ti ń sọ ọ́ láyé Obama, bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa ṣèèṣì já lé àwọn tí ogun lé kúrò nílé lórí ní Rann ní ìpínlẹ̀ Borno ní oṣù kìíní 2017, wọ́n dá a dúró, Trump wá fọwọ́ sí i, 2021 ni wọ́n tó balẹ̀ sí Kano.